Òkè Tí Kò Wó Lánàá Kò Bá Wa Ṣàdéhùn Ọ̀la

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Côte d'Ivoire, tí àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Bouaké bá pe àwọn ènìyàn wa ní Abidjan láti béèrè àlàáfíà, èsì kan náà la máa ń gbọ́: “Ẹ má fòyà. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yìí, kò ṣe wá ní nǹkan kan rí.” Ẹni tó ń sọ ọ́ fi ọkàn balẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn, ọ̀rọ̀ á sì yí sí iye tí àpò obì ń lọ. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Onílé gbà á gbọ́, ayálégbé gbà á gbọ́, àwọn àgbà tó ń jókòó níwájú nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa náà gbà á gbọ́. Wọ́n kà á sí ọgbọ́n àgbà. Lójú tèmi, kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Òun ló ń di ènìyàn mọ́lẹ̀ sínú ilé ní alẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Anyama. Oníṣòwò obì wo ló wà ní Bouaké tí kò mọ Anyama, ìlú tó wà lókè Abidjan, tí obì ti ń gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn? Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2020, lẹ́yìn òjò ńlá, ilẹ̀ ya lára òkè kan níbẹ̀, ó sì bo àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 13 ló kú. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ 17. Ká ní ẹnìkan wọ àdúgbò náà lọ́jọ́ yẹn tó béèrè bóyá ewu wà níbẹ̀, ẹ̀rí tí gbólóhùn wa ń béèrè pé pérépéré lọ́wọ́ wọn: wọ́n jí láàárọ̀, ilé wà ní ìdúró, òkè wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ẹ̀rí náà pé ní ọjọ́ 17, kò sì gba ẹ̀mí kan là ní ọjọ́ 18.

Àbùkù àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ́rìí pé òkè kò wó rí, ẹni tó ṣẹ́kù ni. Àwọn tí òkè wó lù kì í wá sí ìpàdé wá tako ẹ̀rí rẹ̀. Bí àdúgbò mẹ́wàá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí méjì pa rẹ́, mẹ́jọ ni yóò ṣẹ́kù tí yóò máa wí fún wa pé òkè kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Bí a bá sì ń gbọ́ ti àwọn mẹ́jọ yìí nìkan, á dà bí ẹni pé kò sí òkè tó léwu láyé.

Àbùkù kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: òkè ogún ọdún sẹ́yìn kọ́ ni òkè òní. Ẹ lọ dúró nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Attécoubé ní Abidjan, níbi tí àwọn ilé onípáànù ti gun ara wọn lórí láti etí omi ọ̀sà títí dé òkè téńté. Àpò iyanrìn ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn. Táyà ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n tò lé ara wọn láti fi gbé ilẹ̀ àgbàlá ró. Ọkùnrin kan ń fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí òkè lẹ́yìn ilé rẹ̀, nítorí ó fẹ́ yọ yàrá kan sí i fún ayálégbé. Ilẹ̀ pupa tó gbẹ́ kúrò sì ti ga dé àyà rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, omi ìwẹ̀ ilé kejì ń gba ọ̀pá kékeré kan jáde, ó ń dà sára ilẹ̀ tààrà, láàárọ̀ àti lálẹ́, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Igi tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ti di igi ìdáná tipẹ́. Ṣaláńgá mẹ́ta ti wà níbi tí kò sí ẹyọ kan. Kí wá ni ogún ọdún fẹ́ jẹ́rìí sí nígbà tí kò sí ohun kan tó wà bó ṣe wà? Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ló sì ń fi ọjọ́ orí ilé wọn búra.

Ohun tó ń mú òkè dúró kò ju pé erùpẹ̀ di ara rẹ̀ mú, gbòǹgbò igi di erùpẹ̀ mú, ìdí òkè sì ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn. Bí omi bá wọ inú ilẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fi ìwúwo kún ilẹ̀, ó sì ń ti hóró erùpẹ̀ kúrò lára ara wọn, tí wọn kò fi lè di ara wọn mú mọ́. Bí wọ́n bá ti gé ìdí òkè, kò sí ohun tí yóò tì í lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gé igi, gbòǹgbò tó kù nínú ilẹ̀ kì í jẹrà lọ́jọ́ kan. Ọdún mélòó kan ni yóò fi máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, kí agbára rẹ̀ tó tán. Nítorí náà, ẹni tó gé igi ní ọdún yìí, tí òkè kò wó ní ọdún yìí àti ọdún tó ń bọ̀, á rò pé òun ti mú un jẹ. Gbèsè tí olówó kò tíì wá sin ni. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Àwọn kan wà tí òkè ti kọ́ lọ́gbọ́n ju àwa lọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lágbègbè òkè Alps, Faransé, Ítálì, Switzerland àti Austria, yìnyín ló ń ya láti orí òkè dípò ilẹ̀ pupa. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde ní ìgbà òtútù ní ìpele márùn-ún, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1993. Wọn kì í torí pé òkè kan kò ya rí kí wọ́n fi í sí ìpele kìíní. Wọ́n ń wo bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dà tó, nítorí láàárín dígíírì 30 sí 45 ni yìnyín ti ń ya jù. Wọ́n ń wo ibi tí atẹ́gùn kó yìnyín jọ sí. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò sínú yìnyín kí wọ́n lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀, èyí tí ẹni tó dúró lórí rẹ̀ kò lè rí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń wá níbẹ̀ ni yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ lọ́dún náà. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló bọ́, tí òtútù sì mú un fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á di hóró wẹ́wẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí yìnyín púpọ̀ bá wá bọ́ lé e lórí, orí hóró wọ̀nyẹn ni gbogbo rẹ̀ yóò ti yọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ló ń pa ènìyàn ní àárín rẹ̀.

Ìpele wo lẹ rò pé ẹ̀mí ti ń ṣòfò jù? Ìpele kẹta ni, kì í ṣe ìkarùn-ún. Ní ìpele karùn-ún, ẹ̀rù ti ba oníkálukú, wọ́n ti ti ọ̀nà pa, kò sẹ́ni tó ń jáde. Ní ìpele kẹta, ojú ọ̀run lè mọ́, ẹlòmíràn ti kọjá níwájú, a sì ti gba ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò sí nǹkan. Àárín ibi tí ẹ̀rù ti ba ènìyàn díẹ̀ àmọ́ tí kò bà á tó ni ikú ń dúró sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí yìnyín bò nígbà tí wọ́n ń ṣeré lórí òkè ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ tiwọn tàbí ti ẹlẹgbẹ́ wọn ló tẹ yìnyín náà tó fi ya. Ọkùnrin tó ń gbẹ́ ìdí òkè ní Attécoubé yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn ará òkè Alps náà ti fi ojú ara wọn rí ohun tí ìgbẹ́kẹ̀lé àtijọ́ ń ṣe. Galtür jẹ́ abúlé kan ní Austria tí àwọn ènìyàn ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n yàwòrán ibi tí yìnyín lè dé àti ibi tí kò lè dé, wọ́n sì kọ́lé síbi tí wọ́n pè ní ibi àlàáfíà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1999, yìnyín ya, ó kọjá ààlà tí wọ́n fà sínú ìwé, ó sì pa ènìyàn 31. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò jókòó máa sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n tún àwòrán yà, wọ́n sì mọ ògiri ńlá láti dá yìnyín dúró. Bí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kò bá tó láti jẹ́rìí fún òkè kan, ogún ọdún wa dà?

Ẹ jẹ́ ká tún sún mọ́lé. Regent, tó wà lórí òkè lẹ́yìn Freetown ní Sierra Leone, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí wọ́n tẹ̀dó ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn fún àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn baba ńlá tiwa pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó dé ilẹ̀ yẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Aku. Ìlú tó ti pẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè ní àlejò ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2017 títí di àárín oṣù kẹjọ, òjò tó rọ̀ sí Freetown tó nǹkan bí mìlímítà 1,040. Ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ń retí ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo òjò tó ń rọ̀ sí Bouaké láàárín ọdún kan gbáko. Ní ìdájí ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya wálẹ̀. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní 1,100. Wọ́n ti gé igbó orí òkè náà fún ilé kíkọ́, ilé sì ti gba ojú ọ̀nà omi. Òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kún inú ilẹ̀ náà. Òjò ọjọ́ tó kẹ́yìn kàn parí iṣẹ́ tí àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú àbúrò gbólóhùn wa, èyí tó ní òjò àkọ́rọ̀ kì í pa ènìyàn, pé ká dúró dìgbà tí òjò bá gbóná kó tó kan ọ̀rọ̀ òkè. Lóòótọ́, àkọ́rọ̀ òjò kì í sábà wó òkè. Àmọ́ ìgbà àkọ́rọ̀ ni ìgbà kan ṣoṣo tí wíwo òkè ṣì wúlò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ amọ̀ máa ń sán. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ ń gba ojú sísán náà wọlé lọ jinlẹ̀ kí ó tó pa dé. Omi àkọ́kọ́ ló ń fi hàn wá ibi tí àgbàrá yóò gbà, gọ́tà wo ló dí, àgbàlá ta ni omi ń rọ́ wọ̀. Ilẹ̀ ṣì le, ènìyàn lè gun òkè lọ wo ẹ̀yìn ilé, a lè ya omi gba ibòmíràn, a lè wá ilé tí a ó kó lọ. Bó bá di oṣù kẹfà tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì dá, ta ni yóò gun òkè lọ wo kí ni? Ẹni tó ní ká dúró dìgbà náà, ohun tó ń sọ ni pé ká má wò ó rárá.

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tó ń ta àwọn ohun èlò ọkọ̀ ní àdúgbò Koko ní Bouaké, gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu mi, ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, Bouaké tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Kí ló kàn wá kan òkè?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ ti pọnmi ní ọdún 2018?” Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wa tí a wà ní Bouaké lọ́dún náà la rántí Loka. Adágún omi yẹn ló ń fún wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀rọ tí ìlú yìí ń lò nígbà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni a ti gbà pé kò lè gbẹ, torí pé kò gbẹ rí. Ó gbẹ. Ilẹ̀ àárín rẹ̀ sán kẹ́kẹ́kẹ́, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pín omi káàkiri àdúgbò, àwọn ìyá wa sì ń to kẹ́ẹ̀gì láti ìdájí. Ní ọdún kan náà, ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, òjò fi omíyalé pa ènìyàn tó kéré tán 18 ní Abidjan. Òùngbẹ níhìn-ín, omíyalé lọ́hùn-ún, èrò kan náà ló sì mú wa lójijì níbi méjèèjì. Èyí tó tún kù ni pé kò sí ilé Yorùbá kan ní Bouaké tí kò ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ ní Abidjan. Àwọn awakọ̀ wa ń ná ọ̀nà ìlú Man, níbi tí òkè ti pọ̀ ju ilé lọ. Òkè kàn wá.

Àwọn kan yóò sọ pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, pé ibi tí ikú bá ti wà fún ènìyàn kò sí bó ṣe lè sá fún un. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ohun tí mo ń jiyàn lé lórí ni kí a máa fi orúkọ Rẹ̀ bo ọ̀lẹ wa. Àwọn àlùfáà wa mọ ìtàn ẹni tó lọ bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni àbí kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run; wọ́n sì mọ èsì tó gbà, pé kó so ó ná. Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa ya ní ọdún 1978, ó tún ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Bó bá jẹ́ pé àmúwá Ọlọ́run nìkan ni, kí ni ìjọba ń wá tó fi lọ ń la ojú odò náà tó ń fi kọnkéré tẹ́ ẹ? Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni eji bá rí leji ń pa. Ìyẹn ni pé kí ènìyàn má jẹ̀ẹ́ kí eji rí òun níbi tí kò yẹ.

Èyí tó le jù lẹ́nu àwọn alátakò mi ni ọ̀rọ̀ ìjọba, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní: “Ìgbà tí ìjọba bá ti sọ pé ibì kan léwu, katapílà ló kù.” Wọn kò parọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n wó ilé ní Abidjan, ní Gesco ní Yopougon àti ní Boribana ní Attécoubé. Ìdí tí ìjọba fún wa ni pé àgbègbè tí òjò ti ń pa ènìyàn ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé sùn síta, àwọn ọmọ pàdánù ilé ìwé láàárín ọdún ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn irú èyí, bí àjọ ojú ọjọ́ SODEXAM bá kìlọ̀ nípa òjò, tàbí tí àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ìlú bá wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, etí katapílà ni ènìyàn fi ń gbọ́ ọ. Mo gbà pé ìkìlọ̀ tí kò mú ibi tí a ó lọ dání, ìhàlẹ̀ ni. Mo gbà pé ó yẹ kí a bá ìjọba jà lórí rẹ̀, kí wọ́n wá ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó wó ilé wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a má da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Pé ìjọba ń wá ilẹ̀ wa kò sọ òkè di ohun tí kì í wó. Ẹni tó ń ṣọ́ katapílà kó tún ṣọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ìkìlọ̀ ìjọba jẹ́ ẹ̀tàn, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí àwa fúnra wa mọ bí a ṣe ń wo òkè, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìmọ̀ wa rẹ́ wa jẹ. Aberfan ni ẹ̀rí mi. Ní abúlé yẹn ní Wales, iléeṣẹ́ èédú ìjọba ń da ìdọ̀tí inú ilẹ̀ jọ sórí òkè lẹ́yìn ilé ìwé Pantglas, lórí ibi tí ìsun omi wà. Ó ti yọ̀ díẹ̀ rí. Ní ọdún 1963, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ lẹ́tà pé ewu ń bẹ lẹ́yìn ilé ìwé náà. Àwọn ọ̀gá èédú kò ka lẹ́tà náà kún. Òkè ṣáà wà níbẹ̀, ọmọ sì ń lọ sí ilé ìwé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, ó ya. Ènìyàn 144 kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àwọn tí òkè wà lẹ́yìn ilé wọn ló rí ewu. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ló ní kò séwu. Nítorí náà, èmi kò sọ pé kí a gbọ́ràn sí ọ́fíìsì lẹ́nu. Mo ní kí a wo òkè.

Wíwo òkè kò gba ìwé ẹ̀rí. Kí ènìyàn dúró nísàlẹ̀ kó wo bóyá wọ́n ti gé ìdí rẹ̀, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ògiri tí kò ní ihò tí omi ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbà jáde, ògiri tí omi yóò tì wó ni, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ǹtì tó dára jù ni wọ́n fi mọ ọ́. Kó gun òkè lọ, kó wá ibi tí ilẹ̀ ti sán. Sísán tó fa ìlà ní ìbú lẹ́bàá etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó bẹ̀rù jù. Kó ri igi kan mọ́lẹ̀ níhìn-ín, kó ri òmíràn sí òdì kejì sísán náà, kó fi okùn wọn àlàfo wọn, kó sì so okùn náà mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó tún wọ̀n ọ́n. Bí okùn kò bá tó mọ́, òkè ti ń rìn nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí ilé rẹ̀ tù yín nínú. Ẹ wo òpó iná àti igi tó ti fì sí ìsàlẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ń há láìpẹ́ yìí, tí kì í há tẹ́lẹ̀. Ẹ wo omi: ìsun tuntun tó yọ níbi tí kò sí omi rí, tàbí èyí tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ tó dáwọ́ dúró lójijì. Kí a sì máa ka ọjọ́ òjò. Òjò tó rọ̀ lónìí nìkan kò tó láti fi mọ ewu. Èyí tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni kí a rò pọ̀ mọ́ ọn. Òkè sì lè dúró títí òjò fi dá, kó wó nígbà tí oòrùn ti yọ tí àwọn ọmọ ti jáde ṣeré. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lẹ́yìn wíwò, ìpinnu. Ilé ta ni ẹ ó sùn ní alẹ́ tí òjò bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ? Ìgbà àkọ́rọ̀ ni kí a ti bá onítọ̀hún sọ ọ́, kí ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ń bọ̀. Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀? Níbo ni àwọn ìwé ìdánimọ̀ wà? Ìdílé tó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti ṣe ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú orí fóònù lọ, kódà bó bá jẹ́ pé agbára wọn kò tíì ká ilé mìíràn.

Agbára yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti jẹ̀bi. Ìlú wo ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Ẹ̀jìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́, ni kò ní ẹgbẹ́ ní Bouaké àti ní Abidjan? A ń dáwó lóṣooṣù. Bí ẹnìkan bá kú, kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ìsìnkú ti pé, màlúù ti dé, ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ sílé ti wà ní sẹpẹ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí owó ti wá. Àmọ́ bí ẹnìkan bá dìde nínú ìpàdé pé òun fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, pé owó tí onílé tuntun ní kí òun san sílẹ̀ kò pé, a ó ní ẹgbẹ́ kì í yáni lówó ilé. Òkú la mọ̀ ọ́n ná an fún. Àbá mi ni pé kí ìdajì owó ìsìnkú ọdún kọ̀ọ̀kan di owó ìṣílọ, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá a fún ìdílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀, láti oṣù kejì, kí òjò tó dé. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé fún ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá takò ó, kó dìde níwájú gbogbo wa, kó ṣàlàyé ìdí tí ó fi rọrùn fún wa láti sin ènìyàn ju kí a kó o kúrò nínú ewu lọ.